Ìràwọ̀ Onírù àti Ìṣirò Ọdún ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Kí òfin ìjọba ológun nọ́ńbà 69 ti ọdún 1992 tó sọ ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun di dandan ní gbogbo Nàìjíríà, ìṣẹ̀lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà fi ń di ọjọ́ orí mú ní ilẹ̀ Yorùbá. Bí ènìyàn bá bi ìyá àgbà kan léèrè ní Ìkòyà tàbí ní Òde-Ìrèlè nígbà náà pé ọdún wo ni ó bí àkọ́bí rẹ̀, kì í dárúkọ ọdún. Yóò ní ọdún tí lùkúlùkú jà ni, ìyẹn àjàkálẹ̀ àrùn tí ó gba gbogbo ayé kan ní 1918. Òmíràn yóò ní ọmọ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákòrò nígbà tí ọ̀sán di òru, olùgbọ́ yóò sì mọ̀ pé ọjọ́ 20 oṣù Èbìbí 1947 ni ó ń sọ, ọjọ́ tí òṣùpá bo oòrùn lójú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà ìkànìyàn, àwọn tí ìjọba bá rán jáde a máa gbé àkójọ irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ dání láti ìlú dé ìlú, kí wọ́n lè fi ṣírò ọjọ́ orí ẹni tí kò ní ìwé.

Láàrin gbogbo èèkàn tí àwọn baba wa ń so ọdún mọ́, ọ̀kan wà tí ó yàtọ̀. Àjàkálẹ̀ àrùn kì í dá ọjọ́ kí ó tó dé. Ogun kì í dá ọjọ́. Ìràwọ̀ onírù kan wà ní tirẹ̀ tí ó ń dá ọjọ́, tí ó ń lọ, tí ó sì ń padà wá ní nǹkan bí ọdún 76 síra. Ẹni tí ó bá rí i ní Òkìtìpupa àti ẹni tí ó bá rí i ní Ṣáínà, ohun kan náà ni wọ́n rí láàrin ọ̀sẹ̀ kan náà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ti bá èkejì kọ ọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ yìí fi kan onítàn ju bí ó ti kan aláfọ̀ṣẹ lọ.

Orúkọ tí Yorùbá fún un ti sọ bí ó ti rí lójú: ìràwọ̀ tí ó ní ìrù. Àwọn Hausa ń pè é ní tauraro mai wutsiya, ìtumọ̀ kan náà ni. Ní òdodo, kì í ṣe ìràwọ̀ rárá. Òkìtì yìnyín, òkúta àti eruku ni, tí ó ń yí oòrùn po gẹ́gẹ́ bí ayé ti ń yí i po, àmọ́ tí ọ̀nà tirẹ̀ gùn gbọọrọ. Nígbà tí ó bá jìnnà sí oòrùn, ó dì gbagidi, ó dúdú bí èédú, ojú lásán kò sì lè rí i. Nígbà tí ó bá súnmọ́ oòrùn, ooru a sọ yìnyín ara rẹ̀ di gáàsì, eruku a tú jáde, ìmọ́lẹ̀ oòrùn àti afẹ́fẹ́ tí ń ti ara oòrùn jáde a sì ti gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn. Ohun tí a tì sẹ́yìn yìí ni ìrù. Nítorí náà ni ìrù náà kì í fi í kọjú sí oòrùn láéláé. Àní nígbà tí ìràwọ̀ náà bá ń padà lọ, ìrù ni ó máa ń ṣáájú, bí ìránṣẹ́ tí ń fẹ̀yìn rìn kúrò níwájú ọba.

Edmond Halley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí ọ̀kan nínú wọn ní 1682. Ó yẹ àkọsílẹ̀ ti 1531 àti ti 1607 wò, ó rí i pé ọ̀nà kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tọ̀. Ní 1705 ó tẹ èrò rẹ̀ jáde pé ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo wọn, àti pé yóò tún yọjú ní nǹkan bí 1758. Halley kú ní 1742. Ní alẹ́ ọjọ́ Kérésìmesì 1758, Johann Georg Palitzsch, àgbẹ̀ kan ní ilẹ̀ Jámánì tí ó fẹ́ràn àtimáa wo ojú ọ̀run, rí ìràwọ̀ náà tí ó ń bọ̀. Àgbẹ̀ ni o, kì í ṣe ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ gíga. Àlàfo àárín ìpadàbọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọgbọọgba, nítorí Júpítà, tí ó tóbi ju gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ ayé lọ, a máa fà á dúró tàbí kí ó tì í síwájú. Ó lè jẹ́ ọdún 74, ó lè tó 79. Síbẹ̀ àwọn ará Ṣáínà ti kọ ìbẹ̀wò rẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún 240 ṣáájú ìbí Kírísítì, ìṣirò òde òní sì bá tiwọn mu.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé e wá sí ilẹ̀ Ìkálẹ̀.

Ní 1910, Ìkálẹ̀ wà lábẹ́ ìjọba àmúnisìn ti Gúúsù Nàìjíríà, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Èkó. Iná mànàmáná kò tíì dé ibẹ̀ rárá, nítorí náà òkùnkùn alẹ́ jẹ́ òkùnkùn gidi, irú èyí tí ọmọ ìlú ńlá òde òní kò tíì rí rí. Ohun kan ṣoṣo tí ó lè dí ènìyàn lójú ni igbó. Igi ńláńlá yí àwọn ìlú Ìkálẹ̀ ká nígbà náà, ẹni tí ó bá sì fẹ́ rí ìsàlẹ̀ ojú ọ̀run ní láti jáde sí ojú ọjà, sí oko tí a ti ṣán, tàbí sí etí odò. Àwọn Ìlàjẹ tí ó múlé ti Ìkálẹ̀ ní ìhà gúúsù ni wọ́n rọ́nà jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí apẹja ni wọ́n, orí omi ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ń jí, kò sì sí igi láàrin wọn àti ibi tí ọ̀run ti pàdé omi.

Ọjọ́ 20 oṣù Igbe 1910 ni ìràwọ̀ Halley súnmọ́ oòrùn jù lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Èbìbí, ó ń yọ ní ìlà-oòrùn kí ilẹ̀ tó mọ́, Àgùàlà sì wà nítòsí rẹ̀. Ẹni tí ń jí lọ gun ọ̀pẹ, tàbí obìnrin tí ń tètè lọ pọn omi, ni yóò kọ́kọ́ kàn án. Ìrù rẹ̀ ń gùn sí i ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dà bí ìmọ́lẹ̀ gbọọrọ tí a nà láti ìdí igi dé àárín ọ̀run. Láàrin ọjọ́ 18 sí ọjọ́ 19, ìràwọ̀ náà kọjá láàrin ayé àti oòrùn, àwọn onímọ̀ sì ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ìrù náà yóò gba ọ̀dọ̀ ayé kọjá. Lẹ́yìn èyí, ó kúrò ní ojú ọ̀run òwúrọ̀. Ní ọjọ́ 20, nígbà tí kò jìnnà sí ayé ju nǹkan bí mílíọ̀nù 23 kìlómítà lọ, ó ti di ti ìrọ̀lẹ́, ó ń hàn ní ìwọ̀-oòrùn lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Bí ẹni pé ìyẹn kò tó, ní ìdájí ọjọ́ 24 oṣù náà, òjìji ayé bo òṣùpá tí ó ń wọ̀ lọ. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹni tí ó bá ń wòkè ní Ìkálẹ̀ lè rí ìràwọ̀ onírù ní òwúrọ̀, kí ó rí i ní ìrọ̀lẹ́, kí ó sì rí òṣùpá tí ó dúdú. D. O. Fágúnwà, tí a bí ní Òkè-Igbó ní 1903, jẹ́ ọmọ ọdún bíi méje nígbà náà.

Ṣùgbọ́n Èbìbí jẹ́ oṣù òjò. Ìkùukùu lè bo ojú ọ̀run fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra ní Òkìtìpupa, kí ó sì mọ́ gaara ní ọjọ́ kẹrin. Nítorí náà, ẹni tí ó rí i ní òwúrọ̀ lè má rí i ní ìrọ̀lẹ́, ẹni tí ó sì rí i ní ìrọ̀lẹ́ nìkan lè rò pé òun àti aládùúgbò òun ń sọ̀rọ̀ nípa ìràwọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó yẹ kí ẹni tí ń gba ìtàn lẹ́nu àgbà fi èyí sọ́kàn kí ó tó sọ pé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ń purọ́.

Èrò kan wà tí ó gbilẹ̀ káàkiri ayé, ilẹ̀ Yorùbá kò sì gbẹ́yìn nínú rẹ̀, pé ikú ọba ni irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ ń kéde. Ẹni tí ó bá ń wá ẹ̀rí fún un ní 1910 kò ní wá a tì. Edward Keje, ọba Gẹ̀ẹ́sì tí ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀, kú ní ọjọ́ 6 oṣù Èbìbí, nígbà tí ìràwọ̀ náà wà lójú ọ̀run gan-an. Ní ọdún 1910 yìí kan náà ni Ọọ̀ni Adélékàn Olúbùṣe Kìíní wàjà ní Ilé-Ifẹ̀. Ní ọdún kan náà ni Apámpá, Baálẹ̀ Ìbàdàn, fi ipò sílẹ̀ fún Akíntọ́lá nípa ikú. Àwọn mẹ́ta ńlá ní ọdún kan! Àwọn àgbà tí wọ́n ní Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni, Àgùàlà kì í ṣe ajá òṣùpá, ti dáhùn ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ohun méjì lè jọ rìn lójú ọ̀run láìjẹ́ pé ọ̀kan ni ó bí èkejì. Aláàfin Agógo-ìjà Láwánì wàjà ní 1911, nígbà tí ìràwọ̀ Halley ti kó ìrù rẹ̀ lọ. Ilẹ̀ tí ó kún fún ọba bíi tiwa, ọdún wo ni ọba kan kì í wàjà níbì kan nínú rẹ̀?

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwọn baba wa nìkan ni ẹ̀rù bà. Ṣáájú ọjọ́ 18 oṣù Èbìbí 1910, àwọn onímọ̀ ti rí àmì gáàsì olóró kan, cyanogen, nínú ìrù náà. Ìwé ìròyìn gbé e káàkiri Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, wọ́n sì so ó mọ́ orúkọ Camille Flammarion, ọmọ Faransé tí ìwé rẹ̀ nípa ojú ọ̀run gbajúmọ̀, pé gáàsì náà lè wọ inú afẹ́fẹ́ ayé kí ó pa ohun alààyè. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í dí ihò kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn wọn pa. Àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ sì ń ta oògùn oníhóró tí wọ́n ní yóò gba ènìyàn lọ́wọ́ ìràwọ̀ onírù. Gáàsì inú ìrù náà fẹ́lẹ́ ju ohun tí ó lè pa eṣinṣin lọ. Ọjọ́ náà kọjá, kò sí ẹni tí ó kú. Bí babaláwo kan ní Ìkálẹ̀ bá ní kí wọ́n rúbọ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, onísòwò oògùn ní Amẹ́ríkà kò ní ẹnu tí yóò fi bá a wí.

Ìṣòro tí ó kan onítàn jù ni pé ìràwọ̀ onírù pọ̀. Ọ̀kan mìíràn wá ní 1910 yẹn kan náà, ṣáájú ti Halley. Àwọn awakùsà ní Transvaal, ní Gúúsù Áfíríkà, rí i ní ọjọ́ 12 oṣù Ṣẹ́rẹ́. Ó mọ́lẹ̀ dé ibi pé a lè rí i ní ọ̀sán gangan nítòsí oòrùn, lẹ́yìn náà ni ó wá ń hàn ní ìwọ̀-oòrùn ní ìrọ̀lẹ́. Káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ arúgbó tí ó fi ìdùnnú sọ fún ọmọ-ọmọ wọn ní 1986 pé àwọn ti rí ìràwọ̀ Halley ní kékeré, ti Ṣẹ́rẹ́ yìí ni wọ́n rí. Ní Ìkálẹ̀, ojú ọjọ́ lè là wọ́n. Ọyẹ́ ni Ṣẹ́rẹ́, òjò ni Èbìbí. Bí ẹni tí ń sọ̀tàn bá rántí pé ètè ń bù, tí koríko gbẹ, tí ìràwọ̀ náà sì yọ ní ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe ti Halley. Bí ó bá rántí pé àgbàdo ti yọ lóko, tí ó sì jẹ́ pé òwúrọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n kọ́kọ́ rí i, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òun.

Ti 1882 tún wà. Ìràwọ̀ onírù ńlá ti ọdún yẹn wà lára àwọn tí ó mọ́lẹ̀ jù lọ tí ènìyàn tíì kọ sílẹ̀. Lára àwọn ìròyìn tí ó ṣáájú nípa rẹ̀ ni èyí tí ó wá láti Òkun Gínì, ní ọjọ́ 1 oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 1882. Òkun Gínì! Omi yẹn gan-an ni ó ń lu etíkun Ìlàjẹ, ní gúúsù Ìkálẹ̀. Láàrin oṣù náà, ó ń tàn ní ọ̀sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn, kí ó tó di ti ìdájí ní oṣù Ọ̀wàrà. Ogun Kírìjí ń lọ lọ́wọ́ ní òkè nígbà náà. Ìyàtọ̀ ọdún 28 ni ó wà láàrin 1882 àti 1910. Bí bàbá kan bá kú ní 1970, tí gbogbo ohun tí ẹbí rẹ̀ mọ̀ kò ju pé ọdún ìràwọ̀ onírù ni a bí i, ó lè jẹ́ ẹni ọdún 60, ó sì lè jẹ́ ẹni ọdún 88. Ẹbí tí ó bá fẹ́ kọ ọjọ́ orí sí ara ibojì yóò sáà mú èyí tí ó pọ̀ jù, ìyẹn kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ wa.

Ẹni tí ó gbọ́n yóò sì rántí 1965. Ní ọjọ́ 11 oṣù Ọ̀wàrà ọdún náà ni wọ́n dìbò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tí Òkìtìpupa wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Ìbò náà ni ó bí rògbòdìyàn tí a mọ̀ sí wẹ́tì ẹ, tí wọ́n ń da epo bẹntiróòlù sí ilé àti ènìyàn lára. Ní ọjọ́ 21 oṣù yẹn kan náà, ìràwọ̀ onírù Ikeya–Seki, tí àwọn ará Jàpáànù méjì ṣàwárí, súnmọ́ oòrùn jù lọ. Lẹ́yìn náà ni ó na ìrù gígùn ní ìlà-oòrùn kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹkùn ilẹ̀ olóoru àti gúúsù ayé sì ni ó ti hàn dáadáa jù. Kí ọdún tó yí, ní ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1966, àwọn ṣójà ti pa S. L. Akíntọ́lá, olórí ìjọba ẹkùn náà. Kò sí ohun tí ó rọrùn ju kí ènìyàn so ìràwọ̀ àti iná náà pọ̀. Àwọn tí ó yí ìbò ni ó dá iná sílẹ̀. Ìràwọ̀ tirẹ̀ kàn fi ọjọ́ hàn ni, ìyẹn sì wúlò: ẹni tí ó bá rántí pé ilé bàbá òun jóná ní ọ̀sẹ̀ tí ìràwọ̀ gígùn ń yọ ní ìdájí ti fún wa ní ọjọ́ tí kò jìnnà sí òótọ́, kódà bí kò bá mọ̀wé.

Kí ni ó wà nínú gbogbo èyí fún ará Òkìtìpupa tí ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀? Ilẹ̀ àti oyè wà nínú rẹ̀. Ní 1957, ìgbìmọ̀ adájọ́ àgbà ti ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù gbé ìdájọ́ kalẹ̀ nínú ẹjọ́ Kojo II àti Bonsie, tí ó wá láti ilẹ̀ Gánà, àwọn ilé ẹjọ́ Nàìjíríà sì ti ń tẹ̀lé e láti ìgbà náà. Ohun tí ìdájọ́ náà sọ ni pé, bí ẹbí méjì bá wá síwájú adájọ́ pẹ̀lú ìtàn àtẹnudẹ́nu tí ó tako ara wọn, kí adájọ́ má fi ìrísí ẹlẹ́rìí lásán pinnu ẹni tí ó ń sọ òótọ́, nítorí pé ẹlẹ́rìí lè jẹ́ olóòótọ́ kí ìtàn tí wọ́n sọ fún un má jẹ́ òótọ́. Kí ó fi ìṣẹ̀lẹ̀ àìpẹ́ tí a lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ wọn ìtàn méjèèjì wò. Ìtàn tí kò ní èèkàn kankan yóò fò lọ nínú irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Ẹbí tí ó bá lè sọ pé bàbá àwọn jẹ oyè ṣáájú ọdún ìràwọ̀ onírù ti ìgbà òjò, kí ó sì sọ ohun tí wọ́n rí ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ti di ohun kan mú tí agbẹjọ́rò kejì kò lè fi ẹnu lásán já gbà. Ó ṣòro díẹ̀ láti lóye ìdí tí àwọn tí ń kọ ìtàn ìlú ní ilẹ̀ wa kì í fi í lo ojú ọ̀run tó bí ó ti yẹ, tí ó fi jẹ́ pé orúkọ ọba àti iye ọdún tí a rò pé ó lò lórí ìtẹ́ ni wọ́n ń tò léra bíi bíríkì.

Ìbẹ̀wò ìràwọ̀ Halley tí ó ṣáájú ti 1910 fi bí èyí ti le tó hàn. Ní ọjọ́ 16 oṣù Bélú 1835 ni ó súnmọ́ oòrùn jù lọ ní àkókò náà. Ní sáà yẹn ni Ọ̀yọ́ Ilé ń wó lọ. Ogun Elédùwẹ̀, nínú èyí tí Aláàfin Olúewu ti ṣègbé, tí àwọn ará Ọ̀yọ́ sì fi olú-ìlú wọn àtijọ́ sílẹ̀, ni àwọn onítàn kan fi sí 1835, tí àwọn mìíràn fi sí 1836 tàbí 1837. Bẹ́ẹ̀ sì ni, lókè òkun, ní ìlú Salvador ní Bahia ti ilẹ̀ Bùràsíìlì, àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n jẹ́ ẹrú, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Nagô, ìyẹn Yorùbá, dìde sí àwọn ọ̀gá wọn ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1835. Nítorí pé ilé ẹjọ́ kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, a mọ òru tí àwọn ọmọ Yorùbá jà ní Bahia, a kò sì fẹnu kò lórí ọdún tí ìlú ọba wọn tú nílé. Bí ẹyọ ìtàn kan láti Ọ̀yọ́ bá so ìparun náà mọ́ ìràwọ̀ onírù ìparí ọdún, àríyànjiyàn náà ì bá ti parí.

Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Mark Twain, fi ara rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ irú ìṣirò yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwàdà ni ó fi ṣe. Ọjọ́ 30 oṣù Bélú 1835 ni wọ́n bí i, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ìràwọ̀ náà yí oòrùn po. Ó máa ń sọ pé nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn jọ wá ni, àwọn yóò jọ lọ. Ó kú ní ọjọ́ 21 oṣù Igbe 1910, ọjọ́ kejì tí ìràwọ̀ náà tún súnmọ́ oòrùn. Àgùàlà àti òṣùpá náà ni.

Nígbà tí ó padà wá ní 1986, ayé ti yí padà. Àwọn ọ̀mọ̀wé kò tún dúró dè é nílẹ̀ mọ́: ọkọ̀ òfurufú Giotto ti ilẹ̀ Yúróòpù gba ibi tí kò tó 600 kìlómítà sí ara rẹ̀ kọjá ní ọjọ́ 14 oṣù Ẹrẹ́nà, ó sì ya àwòrán òkìtì dúdú kan tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 15. Fún ojú lásán, ìbẹ̀wò náà kò dára. Nígbà tí ó súnmọ́ oòrùn jù, ní ọjọ́ 9 oṣù Èrèlé, òdìkejì oòrùn ni ayé wà sí i. Nígbà tí ó wá súnmọ́ ayé, ní ọjọ́ 11 oṣù Igbe, mílíọ̀nù 63 kìlómítà ni ó wà sí wa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti 1910. Síbẹ̀, ohun kan wà tí ìwé àwọn òyìnbó kì í ránni létí. Ìhà gúúsù ojú ọ̀run ni ìràwọ̀ náà wà ní ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù kò sì lè rí i rárá, nítorí pé ó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ fún wọn. Òkìtìpupa, tí kò ju ìwọ̀n mẹ́fà àbọ̀ lọ sí àríwá ìlà tí ó pín ayé sí méjì, wà níbi tí ó dára. Òṣùpá tuntun ti ọjọ́ 9 oṣù Igbe kò ní ìmọ́lẹ̀ tí yóò fi dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá kọjú sí ìhà Ìlàjẹ ní òru, kúrò lẹ́bàá iná títì, tí ìkùukùu kò sì sí, lè rí i bí òwú tí a fẹ́ sójú ọ̀run, tí ó ga tó ìdá méjì nínú márùn-ún láti ilẹ̀ dé àtàrí. Àǹfààní tí Halley fúnra rẹ̀ kò bá ní nílé rẹ̀ ni ará Ìkálẹ̀ ní lẹ́yìnkùlé tirẹ̀.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Ọ̀pẹ 2023, ìràwọ̀ Halley dé ibi tí ó jìnnà jù lọ ní ọ̀nà rẹ̀, ó lé ní mílíọ̀nù 5,000 kìlómítà sí oòrùn, lẹ́yìn ọ̀nà tí Nẹ́ptúùnù ń tọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni ó ti kọrí sílé. Ẹni tí kò bá lè dúró dè é lè rí eruku rẹ̀ lọ́dọọdún, nítorí ayé a máa gba àárín ohun tí ó ti já sílẹ̀ lójú ọ̀nà kọjá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ní ìdájí àwọn ọjọ́ tí ó yí ọjọ́ 6 oṣù Èbìbí ká, àti àwọn tí ó yí ọjọ́ 21 oṣù Ọ̀wàrà ká, àwọn ìràwọ̀ tí ń já ṣòòròṣò lójú ọ̀run, tí wọn kò ju hóró iyanrìn lọ, ara ìràwọ̀ Halley ni wọ́n. Ti Ọ̀wàrà ni ó bá Ìkálẹ̀ lára mu jù, nítorí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà náà.

Ọjọ́ 28 oṣù Agẹmọ 2061 ni wọ́n ṣírò pé yóò tún súnmọ́ oòrùn jù lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ìhà kan náà ni òun àti ayé yóò wà sí oòrùn, a sì ń retí pé yóò mọ́lẹ̀ ju ti 1986 lọ dáadáa. Ọmọ tí wọ́n bí ní Ìgbọ́tákọ tàbí ní Òde-Ayé ní 2010, tí orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ wà nínú ìwé ìjọba, yóò ti pé ọdún 51 tàbí kí ó kù díẹ̀ nígbà náà, bóyá tòun ti ọmọ-ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nínú òjò oṣù Agẹmọ, tí wọn yóò máa dúró kí ìkùukùu là.